Òṣùwọ̀n Lọ́wọ́ Onílé

Ìgbà tí ètò ìjọba bá ń parí lọ ni ọ̀rọ̀ ìgbéléwọ̀n sábà máa ń dé. Wọ́n ti ná owó, wọ́n ti ṣe iṣẹ́, ẹni tó fi owó sílẹ̀ wá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ wà. Wọ́n á rán ẹnì kan lọ sí àdúgbò náà pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Onítọ̀hún á béèrè, á kọ, á kà, á sì padà síbi tó ti wá. Ìwé ìjábọ̀ á wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ káàkiri àgbáyé, bí wọ́n ṣe ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Àwọn tí wọ́n torí wọn ṣe ètò kì í mọ ohun tí wọ́n kọ nípa wọn. Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú, kò fi ríran; síbẹ̀, nínú iṣẹ́ yìí, ojú àlejò náà ni wọ́n fi ń dájọ́.

Nínú àwọn tó yí nǹkan padà, iṣẹ́ àwọn Māori ilẹ̀ Níù Sílándì ló wù mí jù. Aotearoa ni àwọn fúnra wọn ń pe ilẹ̀ náà. Ètò ìkànìyàn ọdún 2023 fi hàn pé wọ́n lé ní 880,000 nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn tó wà níbẹ̀. Wọn kò pọ̀ tó àwọn yòókù, àpò ìjọba kò sì sí lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọn ètò tí wọ́n ṣe fún wọn ti di ẹ̀kọ́ fún àwọn onímọ̀ ìgbéléwọ̀n ní ilẹ̀ mìíràn. Ìdí rẹ̀ kò ta kókó. Ẹni tó bá ti ra ìrẹsì lọ́jà rí mọ̀ pé kóńgò ló ń pinnu ohun tí èèyàn máa rù délé. Bí wọ́n bá ti tẹ ìdí kóńgò wọnú, kò sí bí oníbàárà ṣe fẹ́ kà á tí ọjà rẹ̀ á fi pé. Àwọn Māori kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí kíkà. Kóńgò ni wọ́n ní kí wọ́n gbé wá, kí àwọn wo ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Olùgbéléwọ̀n tó bá mọ ohun tó ń ṣe kì í kàn gbé báàgì kọ́ apá kó já wọlé. Ẹnu ọ̀nà marae ló máa dúró sí. Marae ni àgbàlá ìpéjọ àwọn Māori, níbi tí ilé ńlá kan wà tí wọ́n gbẹ́ àwòrán àwọn baba ńlá sára òpó rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ baba ńlá kan ni ilé náà ń jẹ́, ara rẹ̀ sì ni ilé náà: igi tó gba àárín òrùlé kọjá ni ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn igi tó tẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ni egungun ìhà rẹ̀, pákó méjèèjì tó wà níwájú òrùlé ni apá tó nà láti gba àlejò mọ́ra.

Àlejò kì í ṣáájú onílé sọ̀rọ̀. Obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn onílé yóò gbé ohùn sókè, ohùn náà á gùn, á sì ròkè, karanga nìyẹn. Obìnrin kan láàárín àwọn àlejò yóò dá a lóhùn. Àwọn àlejò á máa rọra wọlé bọ̀, wọ́n á dúró díẹ̀ láàárín àgbàlá láti rántí àwọn òkú ìhà méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jókòó kọjú síra wọn. Àwọn àgbà á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, orin á sì máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn àlejò á gbé ẹ̀bùn kalẹ̀, koha ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán, wọ́n á tò, imú á kan imú, iwájú orí á kan iwájú orí, èémí onílé á pàdé ti àlejò. Wọ́n á wá jẹun.

Títí di àsìkò yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè ìbéèrè kan nípa ètò, àmọ́ iṣẹ́ ti ń lọ. Onílé ti mọ ẹni tó wá, ó mọ ẹni tó mú un wá, ó sì mọ ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ara rẹ̀ hàn láàárín wọn, òkè àti odò ilẹ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú omi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ bá gúnlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀yà rẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbangba kò lè lọ kọ ìkọkúkọ nípa wọn ní kọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní ojúlé. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n á ti wá a rí.

Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ayẹyẹ ju iṣẹ́ lọ. Ohun tí ojú wọn ti rí ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1840, àwọn olóyè Māori bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Waitangi. Kó tó parí, àwọn tó fọwọ́ sí i ti lé ní 500. Èdè méjì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ohun tí ti Māori sì ṣèlérí kò bá ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Òfin ọdún 1867 tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi kọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì jẹgba nílé ìwé nítorí pé wọ́n sọ èdè ìyá wọn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àwọn oníwádìí á tún dé, wọ́n á ka iye tó ń ṣàìsàn, iye tó wà lẹ́wọ̀n, iye tó kúrò nílé ẹ̀kọ́ láìgba ìwé ẹ̀rí. Nọ́ńbà wọ̀nyí lè má parọ́. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí kò mọ̀ ju àléébù lọ, àléébù nìkan náà ló máa bá délé.

Nígbà tó di ọdún 1986, ìgbìmọ̀ kan tí John Rangihau ṣe alága rẹ̀ gbé ìwé kan kalẹ̀ fún ìjọba, Puao-te-Ata-Tu ni àkọlé rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìgbáyé-gbádùn ará ìlú ni wọ́n ní kí wọ́n yẹ̀ wò. Ìgbìmọ̀ náà kò jókòó sí Wellington, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà, kí wọ́n máa ránṣẹ́ pe ènìyàn. Marae dé marae ni wọ́n ń lọ, wọ́n ń gbọ́ tẹnu àwọn tí ètò kàn. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́: pé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti wọ inú ètò ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ náà ju ìwà òṣìṣẹ́ kan tàbí méjì lọ. Ẹnikẹ́ni kò pe iṣẹ́ náà ní ìgbéléwọ̀n nígbà yẹn. Lójú tèmi, ìgbéléwọ̀n gidi ni.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìyẹn, ní 1982, ni wọ́n ti ṣí kōhanga reo àkọ́kọ́, ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n ti ń fi èdè Māori tọ́ ọmọ, ní Wainuiomata, nítòsí Wellington. Àwọn àgbà tó ṣì gbọ́ èdè jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n ń fi Māori bá wọn ṣeré, wọ́n ń fi bá wọn wí, wọ́n ń fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Irú iṣẹ́ báyìí, kí ni èèyàn máa fi wọ̀n ọ́n? Ìjọba ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi yòókù, òun náà ni wọ́n gbé wá. Ohun tí àwọn òbí fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọmọ ń bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀, àti bóyá àwọn òbí pàápàá ti ń kọ́ èdè náà lẹ́nu ọmọ wọn. Ìyàtọ̀ yìí di ẹjọ́, ó sì dé iwájú Ìgbìmọ̀ Waitangi, tí òfin ọdún 1975 dá sílẹ̀ láti máa gbọ́ ẹ̀sùn lórí àdéhùn 1840. Ní 2012, ìgbìmọ̀ náà sọ ọ́ gbangba pé ìlànà tí ìjọba gbé lé kōhanga reo lórí kò bá a mu.

Mason Durie ló wá fún wọn ní òṣùwọ̀n kan tó jẹ́ tiwọn. Oníṣègùn àrùn ọpọlọ ni, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Massey. Ní àwọn ọdún 1980 ló gbé àpèjúwe kan kalẹ̀ tó pè ní Te Whare Tapa Whā, ilé ológiri mẹ́rin. Ara ni ògiri kan, ọkàn àti èrò ni èkejì, ẹbí ni ẹ̀kẹta, ẹ̀mí ni ẹ̀kẹrin. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ilé ò dúró. Dókítà tó bá wo ẹ̀jẹ̀ ríru aláìsàn, tí kò béèrè bóyá àárín òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ gún, ògiri kan péré ló wò.

Àpèjúwe yìí ì bá ti di ọ̀rọ̀ ìwé lásán bí kò bá di ohun èlò. Durie àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Te Kani Kingi, ló sọ ọ́ di fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Hua Oranga, fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú àrùn ọpọlọ. Ó yẹ ká tẹ́ fọ́ọ̀mù náà síwájú ká wò ó. Ìbéèrè rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì pín in sórí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lórí ti ẹ̀mí, wọ́n á bi aláìsàn bóyá, lẹ́yìn ìtọ́jú, ó túbọ̀ mọ̀ pé òun níyì gẹ́gẹ́ bí ènìyàn, bóyá jíjẹ́ tó jẹ́ Māori túbọ̀ lágbára nínú rẹ̀. Lórí ti ọkàn, bóyá ó lè kápá èrò tí kò fẹ́. Lórí ti ara, bóyá ó ń rìn láìsí ìrora. Lórí ti ẹbí, bóyá òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń gbọ́ ara wọn yé. Ìdáhùn rẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́: ó lè ti pọ̀ sí i, ó lè ti dín kù, ó sì lè wà bó ṣe wà.

Ibi tí ọgbọ́n fọ́ọ̀mù yìí jinlẹ̀ sí ni pé ẹni mẹ́ta ló ń kọ ọ́. Aláìsàn á kọ tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ìlera tó tọ́jú rẹ̀ á kọ tirẹ̀, ẹnì kan nínú ẹbí á kọ tirẹ̀; lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn. Ká ní òṣìṣẹ́ ìlera kọ ọ́ pé ara ọ̀gbẹ́ni kan ti yá, tí ọ̀gbẹ́ni náà sì gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìyàwó rẹ̀ kọ ọ́ pé nínú ilé, kò tíì sí ìyàtọ̀. Fọ́ọ̀mù tí ẹnì kan ṣoṣo ń kọ ì bá ti ní kí wọ́n máa lọ sílé, iṣẹ́ ti yọrí. Èyí á ní ó ku nǹkan. Kò sọ pé ìyàwó ló jàre, kò sì dá dókítà lẹ́bi. Ó kàn gbà pé ẹni mẹ́ta ló mọ ọ̀ràn náà, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í sì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ohun èlò tó dára ń fẹ́ ọwọ́ tó mọ́. Ní ọdún 1999, Linda Tuhiwai Smith, ọmọ ẹ̀yà Ngāti Awa àti Ngāti Porou, tẹ ìwé rẹ̀, Decolonizing Methodologies, jáde. Nínú rẹ̀ ló ti to ìwà tí àwọn Māori ń retí lọ́wọ́ olùwádìí, Fiona Cram, olùwádìí Māori mìíràn, sì tún là á sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà. Olùwádìí gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, kó jẹ́ kí wọ́n yan ibi tí wọ́n ti fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀. Kó jẹ́ kí wọ́n rí ojú òun. Kó wò, kó gbọ́, kó tó la ẹnu. Kó lawọ́ sí àwọn ènìyàn, kó má ṣe jẹ́ ahun. Kó ṣọ́ra. Kó má ṣe tẹ iyì ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Kó má ṣe fi ìmọ̀ rẹ̀ yangàn. Ọmọ tí a bí tí a tọ́ nílẹ̀ Yorùbá kò ní rí àjèjì kankan nínú wọn. Ohun tó yẹ ká yìn wọ́n fún ni pé wọ́n gbé e kúrò ní ìwà ọmọlúàbí tí èèyàn lè ṣe tàbí kó má ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ìlànà iṣẹ́. Nígbà tí ANZEA, ẹgbẹ́ àwọn olùgbéléwọ̀n Aotearoa tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, kọ ohun tí olùgbéléwọ̀n gbọ́dọ̀ mọ̀ ní 2011, ìpìlẹ̀ ìwé náà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ àṣà àti àdéhùn Waitangi sí. Àwọn Māori tó ń ṣe iṣẹ́ náà sì ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, Mā te Rae.

Nan Wehipeihana, ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ yìí, to àtẹ̀gùn márùn-ún tí èèyàn lè fi mọ ibi tí ìgbéléwọ̀n kan dé. Lórí èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kàn ń gbé ìgbéléwọ̀n ka àwọn ọmọ onílẹ̀ lórí ni: àlejò ló pinnu, òun ló wọ̀n, òun ló dájọ́. Lórí èkejì, wọ́n ń ṣe é fún wọn. Èrò rẹ̀ dára, àmọ́ agbára kò kúrò lọ́wọ́ àlejò. Lórí ẹ̀kẹta, wọ́n ń bá wọn ṣe é, wọ́n sì jọ ń pinnu. Lórí ẹ̀kẹrin, àwọn onílẹ̀ ló ń ṣe é fúnra wọn, bí wọ́n bá sì fẹ́, wọ́n lè pe àlejò tó mọṣẹ́ kó wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Lórí ẹ̀karùn-ún, ìmọ̀ wọn, àṣà wọn àti ìlànà wọn ni ìgbéléwọ̀n náà dúró lé, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá fi ti òyìnbó jẹ́rìí sí i. Mo fẹ́ràn àtẹ̀gùn yìí nítorí pé kì í gbè sẹ́yìn ẹnu dídùn. Ọ̀pọ̀ ètò ló ń fọ́nnu pé àwọn àti ará ìlú ni àwọn jọ ń ṣe é, tó jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn èkejì ni wọ́n jókòó sí.

Ètò eré ìdárayá kan, He Oranga Poutama, fi hàn bí ìgbésókè láti àtẹ̀gùn kan dé òmíràn ṣe ń rí. Ohun tí ètò náà ń lépa tẹ́lẹ̀ ni kí àwọn Māori tó ń ṣe eré ìdárayá pọ̀ sí i. Ní nǹkan bí ọdún 2009, wọ́n yí i padà: kí wọ́n máa ṣe eré gẹ́gẹ́ bíi Māori. Ohun tó ṣeé kà wá di ohun tó ṣòro láti mọ̀. Bí ọmọ ogún bá ń gbá bọ́ọ̀lù rugby lórí pápá, tí ọ̀rọ̀ Māori kan kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ìwé àtijọ́ á kọ ogún sílẹ̀, inú gbogbo ènìyàn á dùn. Kí ni ìwé tuntun máa kọ?

Wehipeihana àti Kate McKegg, tí wọ́n wà lára àwọn olùgbéléwọ̀n tí wọ́n pè sí iṣẹ́ náà, kò dúró di ìparí ètò kí wọ́n tó dé. Wọ́n bá a rìn láti ìgbà tó ti ń yí ìrísí padà. Wọ́n bi àwọn tó ń darí rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè bí ṣíṣe eré gẹ́gẹ́ bíi Māori ṣe máa rí bí èèyàn bá fojú rí i. Ìdáhùn kò jìnnà sílé: èdè Māori á máa dún lórí pápá, àwọn Māori fúnra wọn á máa darí rẹ̀, ilẹ̀ àti omi tó jẹ́ ti àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n á ti máa ṣe é, eré ìbílẹ̀ á wà níbẹ̀, bíi kī-o-rahi tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù ṣe lórí pápá róbótó, àti waka ama, ìdíje ọkọ̀ ojú omi. Láti inú irú ìdáhùn báyìí ni wọ́n ti fa ìlà: báyìí ni èyí tó dára gan-an ṣe ń rí, báyìí ni èyí tó ṣì ń gòkè bọ̀, báyìí ni èyí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn náà fẹnu kò lé e lórí kí wọ́n tó fi wọn ohunkóhun. Nígbà tí ìdájọ́ bá wá dé, kò sí ẹni tó máa ní òun kò mọ òfin tí wọ́n fi dá a.

Àmọ́ iṣẹ́ yìí ní ìnira tirẹ̀, ẹni tó bá sì ń yìn ín kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ní 2010 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Whānau Ora, lórí ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ tí Durie darí. Tariana Turia ni mínísítà rẹ̀ nígbà náà. Èrò inú rẹ̀ ni pé kí wọ́n yé pín ẹbí kan káàkiri ilé-iṣẹ́ ìjọba, ọmọ síbí nítorí ilé ẹ̀kọ́, bàbá sọ́hùn-ún nítorí iṣẹ́, ìyá àgbà síbòmíràn nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Atọ́nà kan á jókòó ti ẹbí náà, wọ́n á jọ kọ ohun tí ẹbí fẹ́ sílẹ̀. Ẹbí kan lè ní gbèsè ni àwọn fẹ́ san tán; òmíràn lè ní àwọn fẹ́ mọ marae baba àwọn. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ro méjèèjì pọ̀ sínú ìwé kan fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin?

Ní 2015, ọ́díìtọ̀ àgbà orílẹ̀-èdè náà gbé ìjábọ̀ jáde lórí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ Whānau Ora. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí wọ́n ná ló lọ sórí ìṣàkóso, ìwádìí àti ìgbéléwọ̀n sì wà nínú ìyẹn. Ó tún ní òun kò rí àlàyé kan tó dúró sójú kan lórí ohun tí ètò náà wà fún. Ọ̀rọ̀ tó dunni ni. Ìgbéléwọ̀n tó ń gba àkókò lè jẹ nínú oúnjẹ àwọn tó yẹ kó ràn lọ́wọ́, kò sì sí bí àṣà inú rẹ̀ ṣe lè dùn tó tí èyí kò fi ní jẹ́ ẹ̀sùn. Ìgbìmọ̀ olómìnira kan tí Caren Rangi ṣe alága rẹ̀ tún yẹ ètò náà wò ní 2018, wọ́n sì rí i pé ayé àwọn ẹbí ń yí sí rere lóòótọ́. Ìjábọ̀ méjèèjì kò tako ara wọn. Ọ̀kan wo bí owó ṣe rìn, èkejì wo bí ẹbí ṣe rí. Ètò tó bá fẹ́ pẹ́ nílò wọn méjèèjì.

Ọ̀ràn kan tún wà nídìí rẹ̀: ta ni yóò tọ́jú ohun tí wọ́n bá kó jọ? Ètò ìkànìyàn ọdún 2018 kọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Ìjọba gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì púpọ̀ lọ́dún náà, iye àwọn Māori tó dáhùn sì bọ́ sí nǹkan bíi 68 nínú 100, nígbà tó jẹ́ pé ó ti tó nǹkan bíi 88 ní 2013. Ó burú débi pé àjọ oníṣirò ìjọba kò lè gbé iye ọmọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jáde gẹ́gẹ́ bí iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ̀yà tó fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn kò mọ iye ọmọ rẹ̀. Àwọn Māori tó ti ń jà fún àṣẹ lórí àkọsílẹ̀ ara wọn, bíi ẹgbẹ́ Te Mana Raraunga, rí ẹ̀rí ohun tí wọ́n ti ń sọ: àwọn tí wọ́n bá kà láìjẹ́ pé wọ́n ní ọwọ́ nínú kíkà náà, bó pẹ́ bó yá, wọn kò ní jáde kí wọ́n kà wọ́n mọ́. Onílé ló mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò. Òun náà ló yẹ kí àwòrán ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn Māori kò dá nìkan wà lójú ọ̀nà yìí. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AIHEC gbé ìlànà ìgbéléwọ̀n tiwọn jáde ní 2009, Joan LaFrance àti Richard Nichols ló kọ ọ́. Níbẹ̀, ìtàn tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa iṣẹ́ wọn ni ìgbéléwọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Australia, àjọ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Productivity Commission kọ ìlànà ìgbéléwọ̀n fún ètò àwọn ọmọ onílẹ̀ ní 2020. Nílẹ̀ Áfíríkà níbí, ẹgbẹ́ àwọn olùgbéléwọ̀n ilẹ̀ Áfíríkà, AfrEA, ti bẹ̀rẹ̀ ní Nairobi láti 1999, Bagele Chilisa ará Botswana sì ti ń kọ̀wé lórí bí ìgbéléwọ̀n tó ti inú èrò Áfíríkà jáde ṣe yẹ kó rí. Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ àwọn Māori ju tàwọn yòókù lọ ni bí wọ́n ṣe so ó pọ̀: àpèjúwe ìlera di fọ́ọ̀mù, ìwà ọmọlúàbí di ìlànà iṣẹ́, ìlànà iṣẹ́ sì wọ inú ìwé ẹgbẹ́ gbogbo olùgbéléwọ̀n orílẹ̀-èdè, ìbáà jẹ́ Māori tàbí òyìnbó.

Ìdájọ́ tèmi ni pé ìgbéléwọ̀n wọn le ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn kan rò pé bí a bá ti fi àṣà kún un, a ti dẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Fọ́ọ̀mù tí ẹni mẹ́ta ń kọ ṣòro láti tàn jẹ ju èyí tí ẹnì kan ń kọ lọ. Olùgbéléwọ̀n tó ti dárúkọ òkè àti odò rẹ̀ níwájú àgbà kò lè sá fún ohun tó kọ. Ìlà tí gbogbo ènìyàn ti fẹnu kò sí kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ yí òfin padà nígbà tí ayò bá ti ń parí.

Àwa náà ní ètò lóríṣiríṣi ní abúlé àti ìlú wa, ti omi, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ti owó ìyálọ́jà, tí àwọn tó ń fowó sí i wà lókè òkun tàbí l'Ábújá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń darí wọn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gba owó lórí wíwọn wọn, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Kí ẹ tó kọ ìbéèrè, ẹ lọ jókòó ti àwọn tí ẹ fẹ́ bi, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní rere. Nígbà tí ìjábọ̀ bá sì parí, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà á fún, ní èdè wọn, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fi owó sílẹ̀.